Bí Ikọ̀ Ṣe Ń La Ogun Ìbẹ̀rẹ̀ Já Nínú Géèmù Baldur's Gate

Géèmù àkópa ni géèmù tí ẹni tó ń gbá a máa ń gbé ìwà ẹ̀dá inú ìtàn kan wọ̀, tí yóò máa pinnu ohun tí ẹ̀dá náà ń sọ, ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń bá jà. Ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ TSR ní Amẹ́ríkà gbé Dungeons & Dragons jáde, èyí tí gbogbo irú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń gbá a, pẹ̀lú ìwé òfin, pẹ́ńsù, bébà àti dáìsì. Dáìsì lúdò kò ju olójú 6 lọ. Ti géèmù yìí ní olójú 4, 6, 8, 10, 12 àti 20. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé, òfin orí tábìlì náà bá a wọlé. Baldur's Gate, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti orílẹ̀-èdè Kánádà ṣe, tó sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, wà lára àwọn tó gbé òfin náà sórí kọ̀ǹpútà láìfi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Kọ̀ǹpútà ló ń ju dáìsì níbẹ̀, ṣùgbọ́n dáìsì náà kò ṣíwọ́ yíyí.

Ọ̀dọ́ aláìlóbìí kan ni agbágéèmù ń darí. Baba alágbàtọ́ rẹ̀, Gorion, ló tọ́ ọ dàgbà ní Candlekeep, ilé ìwé ńlá kan tó ní odi, létí òkun. Lóru ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fi odi náà sílẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù irin láti orí dé ẹsẹ̀ dá wọn lọ́nà, ó sì pa Gorion. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ náà ni Imoen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Owó ọwọ́ wọn kò pọ̀, ohun ìjà wọn kò sì tó nǹkan. Láti orí títì yẹn títí ikọ̀ yóò fi jáde kúrò nínú ihò ìwakùsà Nashkel ni a ń pè ní ogun ìbẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kú jù nínú géèmù náà, nọ́ńbà ló sì fà á.

Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ fi le

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní iye àmì ẹ̀mí tó gbé wá. Bí ọgbẹ́ bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹni náà kú. Iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń ṣe ló ń sọ irú dáìsì tí wọ́n fi ń ka ẹ̀mí rẹ̀: olójú 10 ni ti jagunjagun, olójú 8 ni ti àlùfáà, olójú 6 ni ti olè, olójú 4 péré sì ni ti onídán. Ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an ń rí díẹ̀ kún un. Nítorí náà, ní ìpele kìn-ín-ní, ìyẹn ipò ìrírí tí ẹ̀dá fi ń bẹ̀rẹ̀, jagunjagun ènìyàn tó lágbára jù lọ kò lè ní ju àmì ẹ̀mí 14 lọ, onídán tó sì le jù lọ kò lè ní ju 6 lọ.

Ẹ̀gbẹ́ èyí ni kí a gbé ohun ìjà sí. Idà gígùn ń dá ọgbẹ́ láti 1 dé 8. Ọfà kan ń dá ọgbẹ́ láti 1 dé 6. Èyí já sí pé ìlù idà kan lè pa onídán tí kò tíì jẹun òwúrọ̀ tán, ọfà méjì sì lè gbé olè ṣubú. Bí ẹ̀dá bá dé ìpele 7 tàbí 8, idà kan náà kò ju kó ha á lára lọ. Ohun ìjà kò yí padà. Iye ẹ̀mí tó ń gbà á ló pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìlù tí kò lè jẹ́ ìlù ikú, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ kí ìlù ọ̀tá má wọlé, kí pípa ọ̀tá tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀wù irin àti dáìsì olójú 20

Kí ìlù kan tó wọlé, kọ̀ǹpútà ń ju dáìsì olójú 20. Òfin náà fún oníjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní THAC0: ohun tí dáìsì gbọ́dọ̀ mú kó tó lè ba ẹni tí òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ òdo. Ní ìpele kìn-ín-ní, 20 ni ti jagunjagun, 20 náà ni ti onídán. Òǹkà ààbò ẹni tí kò wọ nǹkan jẹ́ 10, bó bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ààbò ń dára sí i. Èyí máa ń kọ́kọ́ da ojú rú fún ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà ńlá ló mọ̀ sí ohun rere, ṣùgbọ́n ìyọkúrò lásán ni. Yọ òǹkà ààbò ẹni tí wọ́n ń lù kúrò nínú THAC0 ẹni tó ń lù ú. Ohun tó kù ni dáìsì gbọ́dọ̀ mú tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀tá tí THAC0 rẹ̀ jẹ́ 20 ń lu ẹni tí ara rẹ̀ wà lófìfo: 20 yọ 10 kúrò, ó ku 10. Ojú dáìsì 11 nínú 20 ló máa ba ẹni náà. Bí ẹni náà bá wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin hun, òǹkà ààbò rẹ̀ di 5, ojú dáìsì 6 péré ló kù fún ọ̀tá. Bó bá wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi páànù irin ṣe, tó sì gbé apata dání, òǹkà náà di 2, ojú dáìsì 3 nínú 20 ló kù. Ọ̀tá kan náà ni, idà kan náà ni. Ẹ̀wù irin kì í mú kí ọgbẹ́ tó ti wọlé kéré sí i. Iye ìgbà tí ọgbẹ́ ń ráyè wọlé ló ń dín kù.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá géèmù yìí kì í kà sí. Bí dáìsì bá mú 20 gan-an, ìlù náà gbọ́dọ̀ wọlé, ọgbẹ́ rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Idà tó ń dá ọgbẹ́ 8 lè dá 16 lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó wà ní ìpele kìn-ín-ní tó lè gba 16 kó wà láàyè. Àṣíborí lásán, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ló ń dènà ìlọ́po méjì yìí. Nínú gbogbo ohun tí ikọ̀ lè rà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, agbára káká ni a fi lè rí èyí tó fi owó díẹ̀ gba ẹ̀mí là tó o.

Ṣíṣe ẹ̀dá àkọ́kọ́

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn mẹ́fà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà wọ̀n: agbára apá, ìyára ọwọ́ àti ẹsẹ̀, líle ara, òye, ọgbọ́n, àti iyì lójú ènìyàn. Fún ènìyàn, 18 ni òpin. Kò sí iṣẹ́ tí ìyára kò wúlò fún. Ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 18 ń rí àmì 4 gbà sórí òǹkà ààbò rẹ̀ láìwọ ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dá lójú sí i bó bá ta ọfà. Líle ara ló tẹ̀ lé e: ó ń fi àmì ẹ̀mí kún àmì ẹ̀mí, ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun nìkan ni èrè rẹ̀ ń kọjá 2 ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀nyí ṣe pàtàkì fún ẹ̀dá àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀dọ́ tí agbágéèmù ń darí, ju ẹnikẹ́ni mìíràn lọ. Bí alábàárìn bá kú, wọ́n lè gbé òkú rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, kí àlùfáà ibẹ̀ gba owó kó sì jí i. Bí ẹ̀dá àkọ́kọ́ bá kú, géèmù tán níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí onídán jẹ́ ẹ̀dá rẹ̀ ní láti mọ̀ pé òun gbé ẹyin lé orí rìn. Jagunjagun ni ọ̀nà tó rọrùn jù, tafàtafà tó dúró lẹ́yìn ni ó sì fọkàn balẹ̀ jù láàárín àwọn jagunjagun.

Kó tó di pé ẹ̀dá náà jáde ní Candlekeep, iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ nínú odi: ìwé kan láti mú fún ẹnì kan, màlúù kan láti wá oògùn fún, ọfà láti rà fún ẹ̀ṣọ́. Èrè wọn kéré, ṣùgbọ́n kò sí ewu ńlá nínú wọn. Owó wọn ló ń di àṣíborí, ọrun àti apó ọfà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kíkó ikọ̀ jọ

Ẹni mẹ́fà ni ikọ̀ lè ní, ẹ̀dá àkọ́kọ́ wà nínú wọn. Alábàárìn 25 ló fọ́n káàkiri ilẹ̀ géèmù náà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́, ìwà àti ìṣòro tirẹ̀. Ikọ̀ tó pé nílò iṣẹ́ mẹ́rin, àwọn tó kù sì jẹ́ àfikún.

Èkíní ni àwọn aṣíwájú. Jagunjagun méjì tó wọ ẹ̀wù irin dáadáa tó. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kí wọ́n pa ọ̀tá púpọ̀ bí kò ṣe kí wọ́n dí ọ̀nà, kí ọ̀tá bá wọn níbẹ̀, kó sì máa sọ ìlù rẹ̀ nù sára irin. Ẹnu ọ̀nà àti afárá ni ọ̀rẹ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹni méjì ti lè dá ogún dúró.

Èkejì ni àwọn tafàtafà. Nínú géèmù yìí, ọrun ní agbára kan tí idà kò ní ní ìbẹ̀rẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6 tí òfin ń pè ní ìpín ìjà kan, tafàtafà ń ta ọfà méjì nígbà tí onídà ń lu ẹ̀ẹ̀kan. Ó sì ń ta á kí ọ̀tá tó dé tòsí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ikọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń fi ohun ìjà òkèèrè lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́: ọrun fún jagunjagun àti olè, kànnàkànnà fún àlùfáà tí òfin kò gbà láyè láti lo ohun tó mú, kànnàkànnà bákan náà fún onídán tí kò lè fa ọrun. Àwọn aṣíwájú gan-an ń ta ọfà títí ọ̀tá yóò fi sún mọ́ wọn, kí wọ́n tó fa idà yọ.

Ẹ̀kẹta ni àlùfáà. Ní ìpele kìn-ín-ní, ìwòsàn tó ní lójúmọ́ kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì ń dá àmì ẹ̀mí 8 padà. Fún ẹni tí gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ kò ju 10 lọ, àjíǹde ni. Àlùfáà tún lè wọ ẹ̀wù irin, nítorí náà ó lè dúró ti àwọn aṣíwájú bí ìlà bá fẹ́ já.

Ẹ̀kẹrin ni olè, kì í sì í ṣe nítorí àpò ènìyàn. Òun ni ojú rẹ̀ ń rí pàkúté tí wọ́n dẹ sí ilẹ̀ àti sára àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń ṣí àgádágodo. Pàkúté kan lè ṣe ohun tí kobold mẹ́wàá, àwọn ẹ̀dá kékeré tó kún ihò ìwakùsà, kò rí ṣe. Ikọ̀ tó wọ ihò láìní olè ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá pàkúté.

Onídán ló ṣẹ́ kù. Òun ni aláìlera jù, òun náà ni ìbẹ̀rù ọ̀tá. Ọfọ̀ kan ṣoṣo ni onídán ìpele kìn-ín-ní lè pè kó tó tún sùn. Ọfọ̀ tó sì yẹ kó jẹ́ ni ti oorun. Idán oorun kì í mú òkú tó jí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọmọ elf, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sáàárín agbo kobold, gibberling tàbí ìkookò, ọ̀pọ̀ wọn yóò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlù kì í tàsé ẹni tó sùn. Ogun tó lè pa gbogbo ikọ̀ ń di iṣẹ́ alápatà. Láàárín gbogbo ohun tí ikọ̀ ní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí èyí tó tó ọfọ̀ yìí.

Ẹni tí ó ń bá ẹni rìn

Ìwà àwọn alábàárìn ń pinnu bí ikọ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Imoen jẹ́ olè tó ń ta ọfà, kì í bínú fi ikọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà tó kúrò ní Candlekeep, Xzar onídán àti Montaron, tó jẹ́ jagunjagun àti olè pọ̀, ń dúró de ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ìkà ni àwọn méjèèjì. Ní ilé ìtura Friendly Arm, sí apá àríwá, Khalid jagunjagun àti ìyàwó rẹ̀ Jaheira, tó jẹ́ jagunjagun àti àlùfáà igbó, ń retí ọmọ Gorion. Ikọ̀ tó kó gbogbo wọn pọ̀ ti ní aṣíwájú, oníwòsàn, olè àti onídán láàárín ọjọ́ kan, láìná kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n tọkọtaya náà àti àwọn ìkà méjì yìí kò lè gbé inú àgọ́ kan pẹ́. Wọn yóò máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, ó sì lè di ìjà tí yóò gba ẹ̀mí. Ẹni-méjì-méjì sì ni wọ́n: bí wọ́n bá lé Xzar, Montaron ń bá a lọ, bí wọ́n bá lé Khalid, Jaheira kò ní dúró. Òkìkí ikọ̀, tí wọ́n ń kà láti 1 dé 20, tún dá sí i. Iṣẹ́ rere ń gbé e sókè, ọjà sì ń pọ̀ sí i ní owó pọ́ọ́kú, àmọ́ inú àwọn ìkà ń bàjẹ́ títí wọn yóò fi bá tiwọn lọ. Iṣẹ́ ibi ń ṣe òdìkejì. Ó dára kí agbágéèmù ti pinnu irú ikọ̀ tó fẹ́ kó tó fi wúrà ra ẹ̀wù fún ẹni tí yóò kọ̀yìn sí i lọ́la.

Ìlérí pẹ̀lú ń so ikọ̀ pọ̀. Minsc, jagunjagun ọdẹ tó wà ní Nashkel pẹ̀lú Boo, eku kékeré tó ń gbé kiri, ní apá tó le gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á ti gbà láti lọ tú Dynaheir sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá oníjà tí wọ́n ń pè ní gnoll ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ń fi ìlérí náà falẹ̀ yóò rí ìbínú Minsc.

Ìjà orí àtẹ̀gùn

Ìjà kan wà tó fi gbogbo èyí hàn. Ní ẹnu ọ̀nà Friendly Arm, lórí àtẹ̀gùn òkúta, onídán kan tó ń jẹ́ Tarnesh ń rìn sún mọ́ ikọ̀. Ó béèrè orúkọ. Ohun yòówù tí ẹ̀dá àkọ́kọ́ bá dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sókè: wọ́n ti fi owó lé orí ọ̀dọ́ yìí, Tarnesh sì fẹ́ gba owó náà. Ikọ̀ tó dé ibẹ̀ kì í sábà kọjá ẹni mẹ́rin, gbogbo wọn ní ìpele kìn-ín-ní.

Ohun tí Tarnesh ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Ó ń pe ọfọ̀ tó ń sọ ọ́ di púpọ̀, àwòrán rẹ̀ bíi mélòó kan yóò yí i ká. Ó ń ju idán ìbẹ̀rù, àwọn tó bá mú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá káàkiri, wọn kò ní gbọ́ àṣẹ. Ó tún ń ju ọta idán tí kì í tàsé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń dá ọgbẹ́ 2 sí 5. Ẹ̀dá tí àmì ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 5 kò ní láti ṣe àṣìṣe kankan kó tó kú níbẹ̀.

Àìlera onídán ni pé ọfọ̀ ń gba àkókò. Bí ọgbẹ́ èyíkéyìí bá bà á nígbà tó ń pè é lọ́wọ́, ọfọ̀ náà bàjẹ́, ó sì lọ pátápátá. Nítorí náà, ikọ̀ tó ń yè é kì í gòkè lọ bá a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọrun àti kànnàkànnà ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ìdí àtẹ̀gùn. Ẹ̀dá àkọ́kọ́ dúró lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, gbogbo wọn a tafà lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú sí Tarnesh nìkan. Bí àwòrán bá ti yọ, ọfà púpọ̀ tún ni oògùn rẹ̀, nítorí ọfà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ń pa àwòrán kan rẹ́. Bí Imoen àti Montaron bá ń ta á láti ọ̀nà méjì, Tarnesh kò ní ráyè parí gbólóhùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìtura náà lè dá sí i. Lára òkú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìwé tó fi owó lé orí ọmọ Gorion.

Bí ikọ̀ ṣe ń jà

Bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ń dá ìjà dúró. Àkókò géèmù yóò dúró, agbágéèmù yóò pàṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò sì jẹ́ kó máa lọ. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ara òfin géèmù ni. Wọ́n lè ṣètò rẹ̀ kí ìjà máa dá ara rẹ̀ dúró bí ọ̀tá bá ti yọ tàbí bí ẹnì kan bá fara gbọgbẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa ṣíwájú, pàápàá olè tó mọ bí a ṣe ń fara pamọ́. Bó bá rí ọ̀tá, yóò padà sẹ́yìn, ọ̀tá tó bá rí i yóò tẹ̀ lé e wá sí ibi tí ọfà mẹ́fà ti ń dúró. Agbo tó jẹ́ mẹ́wàá níbi tó wà lè wá ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá dé, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ọfà gbọ́dọ̀ dojú kọ kó tó kan èkejì. Ọ̀tá tó gbọgbẹ́ ń lù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gbọgbẹ́; ọ̀tá tó kú nìkan ni kì í lù mọ́. Onídán ọ̀tá ló ń kọ́kọ́ gba ọfà, tafàtafà wọn tẹ̀ lé e, onídà ló gbẹ̀yìn.

Sísá náà jẹ́ ọgbọ́n ogun. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Béárì kì í sábà kọlu ẹni tí kò sún mọ́ ọn, ogre, ẹ̀dá fìrìgbọ̀n kan, sì lè fi ìlù kan pa ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ tuntun. Ẹni tó bá gba ọgbẹ́ ńlá níwájú gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Ọ̀tá tó bá ń lé e kiri ń gba ọfà lẹ́yìn ní gbogbo àkókò náà.

Owó, irin àti oorun

Ohun kan wà nínú ìtàn Baldur's Gate tó ń dààmú ikọ̀ tuntun: irin ilẹ̀ náà ti bàjẹ́. Idà àti àáké tí kì í ṣe ti idán lè dá sí méjì láàárín ìjà. Jagunjagun tó gbọ́n ń gbé ohun ìjà kejì sínú àpò, tàbí ó ń lo kùmọ̀ àti ọ̀pá onígi tí àrùn irin kò ràn. Ọfà pẹ̀lú ń tán, ó sì yẹ kí apó kún kí ikọ̀ tó kúrò ní ìlú.

Lẹ́yìn àṣíborí àti ọfà, oògùn ìwòsàn àti ẹ̀wù irin fún aṣíwájú ni owó kàn. Ilẹ̀ náà sì ní ohun ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀: nínú oko kan ní Nashkel, ẹ̀wù tí wọ́n fi èèpo kòkòrò ankheg ṣe wà ní ìpamọ́. Òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ 1, ó dára ju páànù irin lọ. Ẹni tó bá rí i kó tó wọ ihò ìwakùsà ti ní aṣíwájú tí àwọn kobold kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí gbá mú.

Oorun wákàtí 8 ló ń dá ọfọ̀ onídán àti àlùfáà padà. Nínú igbó, ọ̀tá lè ká ikọ̀ mọ́ ojú oorun. Ní ilé ìtura, owó díẹ̀ ń ra oorun tí kò séwu. Kí ikọ̀ tó sùn, àlùfáà a ti pe gbogbo ìwòsàn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ikọ̀ tí ọfọ̀ rẹ̀ ti tán kò yẹ kó ṣí ilẹ̀kùn tuntun.

Ìrírí àti ikú

Ọ̀tá kọ̀ọ̀kan tó bá kú ń mú àmì ìrírí wá, ikọ̀ sì ń pín in dọ́gba. Àmì 120 ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 20 bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, 40 bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta. Ikọ̀ kékeré ń tètè dàgbà, àmọ́ ó tún ń tètè kú. Ní ìpele kìn-ín-ní, mẹ́fà ló dára jù. Iye tó ń gbé ènìyàn dé ìpele kejì kò dọ́gba: 1,250 fún olè, 1,500 fún àlùfáà, 2,000 fún jagunjagun, 2,500 fún onídán. Ìyẹn ni pé ẹni tó nílò ìdáàbòbò jù ló ń pẹ́ jù kó tó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ìpele kejì nìkan lè sọ ẹ̀mí ẹni di ìlọ́po méjì, kò sì sí ìpele mìíràn tí yóò ṣe ènìyàn ní irú oore bẹ́ẹ̀ mọ́.

Alábàárìn tó kú ń já gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó kù ní láti kó o. Tẹ́ńpìlì lè jí i. Ṣùgbọ́n bí ìlù tó pa á bá pọ̀ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀, ara rẹ̀ a fọ́ túútúú, kò sí àlùfáà tó lè jí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fífi géèmù pamọ́ kó tó di pé wọ́n wọ ilẹ̀ tuntun, àti lẹ́yìn ìjà tó le, ni ìdènà rẹ̀.

Ìdánwò Nashkel

Ihò ìwakùsà Nashkel ni ìtàn ti ń dán ikọ̀ wò. Àwọn kobold ló kún ibẹ̀, wọ́n ń da oògùn sórí irin tí àwọn awakùsà ń wà, òun ló ń sọ irin di ohun tó ń dá. Ọ̀nà inú rẹ̀ há, pàkúté wà nílẹ̀, àwọn kobold kan sì ń ta ọfà oníná láti inú òkùnkùn. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ olúkúlùkù ti ń hàn. Olè ń ṣíwájú ní jẹ́jẹ́, ó ń tú pàkúté. Aṣíwájú méjì ń dí ọ̀nà tóóró. Àwọn tafàtafà ń ta ọfà gba àárín wọn. Onídán ń fi oorun pamọ́ de agbo tó pọ̀ jù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Mulahey wà, àlùfáà tó ń darí wọn. Ẹni tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ orí àtẹ̀gùn Friendly Arm mọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un: ọfà, kí ọfọ̀ rẹ̀ má parí. Nígbà tí ikọ̀ bá tún rí oòrùn, ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò ní ìpele kìn-ín-ní, ogun ìbẹ̀rẹ̀ sì ti parí.

Òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Nínú Baldur's Gate 3, tí Larian Studios gbé jáde ní 2023, ẹni mẹ́rin ni ikọ̀, òǹkà ààbò ń gòkè dípò kó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá sì dé òdo a kọ́kọ́ ṣubú, dáìsì a sọ bóyá yóò kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè gbé e dìde. Síbẹ̀, aṣíwájú ṣì ń dí ọ̀nà, ọfà ṣì ń ti òkèèrè wá, onídán ṣì ń dúró lẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ní ìpele kìn-ín-ní, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ tó lè dá yè.